Orúkọ Ajá Káfíńtà

Ọkùnrin káfíńtà kan wà tí inú rẹ̀ kì í pẹ́ ru. Ó bí ọmọ méjì, Jíbọ́lá ọkùnrin àti Àwẹ̀ró àbúrò rẹ̀ obìnrin. Jíbọ́lá yára lórí ìwé. Àwẹ̀ró kò yára, àgàgà bó bá kan ìṣirò, ṣùgbọ́n ohun tó bá ti wọ orí rẹ̀ kì í jáde mọ́. Ọmọ tó ní láti gbọ́ nǹkan lẹ́ẹ̀mejì kì í ṣe ọmọ burúkú. Fi ìyẹn sọ́kàn ká tó máa lọ.

Lọ́jọ́ kan, olùkọ́ Àwẹ̀ró pè é síwájú pátákó, ó ní kó yọ mẹ́jọ kúrò nínú mẹ́tàdínlógún. Ọmọ dúró, kò mọ̀ ọ́n. Olùkọ́ ní, "Olódo," gbogbo kíláàsì sì fi í rẹ́rìn-ín. Ọmọ gbé ẹkún délé. Olùkọ́ yẹn ṣẹ̀, n kò ní gbè é. Kò sí ohun tó ń bí mi nínú tó àgbàlagbà tó ń fi ẹnu ṣá ọmọ ọlọ́mọ lọ́gbẹ́. Òun náà mọ̀ pé òun ṣẹ̀, torí ó wá sílé káfíńtà ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kejì, ó kúnlẹ̀, ó ní, "Ẹ má bínú, Bàbá Jíbọ́lá. Ẹnu mi ló ṣì sọ." Káfíńtà kò tilẹ̀ ní kó dìde. Ó ní, "Ilé-ìwé yín ti parí lára àwọn ọmọ mi. Èmi náà ka ìwé mẹ́wàá. Inú ilé yìí ni n ó ti kọ́ wọn. Ẹ máa lọ."

Ó kan pátákó ńlá mọ́ ògiri ọ̀dẹ̀dẹ̀, ó fi ọ̀dà dúdú kùn ún, ó tún kan bẹ́ǹṣì tó mọ níwọ̀n ẹsẹ̀ ọmọdé. Iṣẹ́ gidi ni. Lẹ́yìn náà ó ṣòfin. Ó ní nínú ilé yìí, bí ẹ̀kọ́ bá ti bẹ̀rẹ̀, òun kì í ṣe Bàámi mọ́, sà ni òun. Ó ní ìbéèrè tí òun bá bi wọ́n, ibi yòówù kí wọ́n wà, kí wọ́n dáhùn kíá, kí wọ́n sì dáhùn ní odindi gbólóhùn. "Bí mo bá ní ta ló jí, ẹ má sọ fún mi pé èmi. Ẹ sọ pé, èmi ni mo jí, sà." Àwọn ọmọ gbọ́, wọ́n sì ń ṣe é.

Ká ní ó mọ síbẹ̀ ni, n kì bá tí rí nǹkan sọ lónìí. Ṣùgbọ́n ìjà kò tíì tán nínú rẹ̀. Ó lọ ra ajá pupa kékeré kan kí àwọn ọmọ lè máa rí nǹkan bá ṣeré, torí wọn kò rí ẹgbẹ́ wọn mọ́. Ìyẹn dára. Ìwọ náà sì mọ ohun tí àwa máa ń ṣe bí a bá ní ọ̀tá ládùúgbò tí a wá ra ajá. Orúkọ ajá la fi ń pòwe, ká lè máa bú ẹni tó ń kọjá láìdárúkọ rẹ̀. Ilé là á wò ká tó sọ ọmọ lórúkọ. Ìjà ni ọkùnrin yìí wò kó tó sọ ajá lórúkọ. Ó pè é ní Talolódo.

Olùkọ́ yẹn kò ní ọ̀nà mìíràn tó lè gbà dé ilé-ìwé ju iwájú ilé káfíńtà lọ. Láràárọ̀, bó bá ti yọ lọ́ọ̀ọ́kán, káfíńtà á gbé abọ́ oúnjẹ ajá jáde sí ẹ̀bá títì, á fi ohùn gbọ̀ọ̀rọ̀ ké e: "Talolódo o! Talolódo, wá jẹun!" Ajá á sáré jáde, olùkọ́ á sorí kọ́, á kọjá. Káfíńtà á máa rẹ́rìn-ín títí yóò fi padà dé ìdí pákó rẹ̀. Ìyàwó rẹ̀ bẹ̀ ẹ́. Ó ní, "Bàbá Jíbọ́lá, obìnrin yìí ti bẹ̀bẹ̀. Ẹni tó bá sọ òkò sọ́jà, ará ilé rẹ̀ ló ń bà." Ó ní kí ìyàwó òun gbájú mọ́ ọbẹ̀ tó ń sè.

Ọkùnrin yìí ní sùúrù fún ajá o. Ó kọ́ ajá láti jókòó, láti dìde, láti má ṣe fọwọ́ kan oúnjẹ kí wọ́n tó ní kó jẹ. Bí ajá bá ṣì í, á ní, "Pẹ̀lẹ́, tún un ṣe." Ẹnu tó ń sọ pẹ̀lẹ́ fún ajá nìyẹn. Bó bá wá kan Àwẹ̀ró, á máa fi igi gbá pátákó.

Lọ́jọ́ kan ó kọ ìṣirò yẹn gan-an sójú pátákó, pé kí wọ́n yọ mẹ́jọ kúrò nínú mẹ́tàdínlógún. Àwẹ̀ró fi ìka kà á lábẹ́ bẹ́ǹṣì, níbi tí ajá sùn sí lórí ẹsẹ̀ rẹ̀. Ó ní, "Mẹ́wàá ló kù, sà." Káfíńtà ju ṣọ́ọ̀kì mọ́lẹ̀. Ó ní, "Olódo ni ọ́ lóòótọ́. Tíṣà yẹn ò parọ́ mọ́ ọ. Ajá yìí ìbá ti mọ̀ ọ́n."

Ọ̀rọ̀ tó torí rẹ̀ yọ ọmọ kúrò nílé-ìwé, tó torí rẹ̀ lé ẹni tó kúnlẹ̀ síwájú rẹ̀, òun náà ló gbé fún ọmọ yìí, òun kò sì kúnlẹ̀ fún ẹnikẹ́ni. Àwẹ̀ró kò sunkún lọ́tẹ̀ yìí. Nígbà tí wọ́n bú u nílé-ìwé, ó sunkún wálé. Ilé ni wọ́n wá ti bú u yìí, níbo ni kó sunkún lọ?

Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, ọmọ ti wà lórí bẹ́ǹṣì kí ẹnikẹ́ni tó pè é, ó ń wo pátákó, ó gbá ajá mọ́ra. Olùkọ́ yọ lọ́ọ̀ọ́kán. Káfíńtà gbé abọ́, ó bọ́ síta, ó ké: "Talolódo o!" Ajá kò jáde. Inú bí i, ó ké lóhùn líle: "Talolódo?"

Láti ọjọ́ tí ajá ti dé, orúkọ ajá ni Àwẹ̀ró ń gbọ́. Láti àná, ìbéèrè ló ń gbọ́. Ohùn rẹ̀ jáde láti ọ̀dẹ̀dẹ̀, kíá, ní odindi gbólóhùn, bí bàbá rẹ̀ ti kọ́ ọ.

"Èmi lolódo, sà."

Olùkọ́ gbọ́, ó dúró. Kò rẹ́rìn-ín, kò sì fi í ṣẹ̀sín. Omi lé sí i lójú. Ó ní, "Bàbá Jíbọ́lá, ẹ wọlé lọ gbé ọmọ yín."

Káfíńtà wọlé pẹ̀lú abọ́ lọ́wọ́. Ó rí i pé ọmọ ti fi ṣọ́ọ̀kì kọ nǹkan sábẹ́ ìṣirò àná. Mẹ́sàn-án ló kọ, ó sì tọ̀nà. Ó ti mọ̀ ọ́n, ṣùgbọ́n kò gbà pé òun mọ nǹkan kan mọ́. Káfíńtà jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ níwájú bẹ́ǹṣì tó fọwọ́ ara rẹ̀ kàn, ó sì bẹ ọmọ rẹ̀. Ọmọ ní, "Ó tán, sà."

Ó fẹ́ yí orúkọ ajá padà lọ́jọ́ náà. Ó pè é ní Pupa, ó pè é ní Ọ̀rẹ́. Ajá kàn ń wò ó ni. Orúkọ kan ṣoṣo ló mọ̀. Títí di òní, bí káfíńtà bá fẹ́ fún un lóúnjẹ, òun fúnra rẹ̀ ló ń wá a káàkiri ilé, torí kò lè ṣí ẹnu pè é.

Ìwọ tó o jókòó síwájú mi, má bi mí bóyá ó dá àwọn ọmọ padà sílé-ìwé. Bó bá wù ọ́, kọ́ ọmọ rẹ nílé. Bó bá wù ọ́, mú un lọ sọ́dọ̀ tíṣà. Kò sí èyí tó burú níbẹ̀. Sin ajá, sin ológbò. Ṣùgbọ́n inú ń bí mi sí ọ, n kò sì ní fi pa mọ́, torí etí mi ló gbọ́ orúkọ tí o pe ọmọbìnrin rẹ lẹ́nu ọ̀nà yìí, kí o tó wọlé wá fẹjọ́ tíṣà rẹ̀ sùn mí. Ẹjọ́ tíṣà á dúró. Ọmọ ṣì wà níta. Lọ bi í pé kí ni orúkọ rẹ̀, kí o sì dúró gbọ́ ohun tí yóò dáhùn.