Páìpù Tó Tó Itan Olóyè

Ìdùnnú ṣubú lu ayọ̀ ní Òkè-Ìrókò lọ́jọ́ tí wọ́n ń ri páìpù omi mọ́lẹ̀ wọ ilé kọ̀ọ̀kan. Olóyè Ògúnṣakin kò lè jókòó sójú kan. Ó ká ṣòkòtò rẹ̀ sókè, ó na itan sí àwọn òṣìṣẹ́. "Èyí tí kò bá tó itan mi yìí kò gbọdọ̀ wọlé olóyè."

"Bàbá, ṣebí ẹ̀yin àti ìyá nìkan lẹ wà nílé," ni ọ̀gá wọn wí.

Àṣàkẹ́, ìyàwó rẹ̀, ní, "Olówó orí mi, ìwọ̀n eku nìwọ̀n ìtẹ́." Olóyè kò gbà.

Omi dé, àdúgbò hó yèè. Ṣùgbọ́n kò pẹ́ tí omi olóyè fi ń rùn bí irin tó dógùn-ún. Ìwọ̀nba ìkòkò kan ni wọ́n ń bù lójúmọ́. Ìyókù ń sùn nínú páìpù ńlá. Lódìkejì, nílé Ìyá Mojírayọ̀ tó kún fún ọmọ, páìpù tí kò ju àtàǹpàkò lọ ń tú omi mímọ́ gaara.

Olóyè gbé korobá, ó sáré sọdá. Nígbà tó pọnmi dé, Àṣàkẹ́ wo korobá, ó wo itan ọkọ rẹ̀.

"Mo ti gbọ́, Àṣàkẹ́," ni olóyè wí. "Ìtẹ́ ló ju eku lọ."