Kọ́kọ́rọ́ Lẹ́tà Àwẹ̀ró

Ẹ jókòó kí n sọ ti Àwẹ̀ró fún yín, ìyàwó tó kéré jù nílé Ajagbé. Olóyè Fátúsìn, tó pe ara rẹ̀ ní àrẹ̀mọ ilé náà kó lè ta ilẹ̀ wọn, kó ọlọ́pàá méjì wá ká a mọ́lé: "Ṣí ímeèlì tí lọ́yà yín fi ránṣẹ́ sórí fóònù rẹ, kí n rí orúkọ àwọn tó fẹ́ jẹ́rìí ta kò mí, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀ àgọ́ lo máa sùn!" Bẹ́ẹ̀ títì ni lọ́yà ti lẹ́tà náà pa, láìsí ọ̀rọ̀ tí Àwẹ̀ró fi ṣe kọ́kọ́rọ́, ábídí wúruwùru lásán ni. Àwẹ̀ró kúnlẹ̀. "Ẹ má bínú, Bàbá. Oríkì ilé wa látòkèdélẹ̀ ni kọ́kọ́rọ́ rẹ̀, ìbẹ̀rù ò sì jẹ́ kí n rántí. Ẹ̀yin àrẹ̀mọ, ẹ máa kì í, kí n máa tẹ̀ ẹ́." Olóyè wúkọ́. "Ọmọ Ajagbé... ọmọ... ọmọ Ajagbé náà ni!" Ìyá àgbà ilé pòṣé: "Ọmọ ọwọ́ mọ̀ ọ́n nílé yìí. Ìwọ, ọmọ ta ni ọ́ gan-an?" Àwọn ọlọ́pàá yíjú sí Olóyè. Ó ní òun ń bọ̀, ló bá gba ẹ̀yìnkùlé lọ. Ẹ ò wá bi mí ní kọ́kọ́rọ́ gidi? Orúkọ ewúrẹ́ Àwẹ̀ró ni: Májẹ-èlùbọ́!