Tábìlì Ọgọ́rùn-ún Ọdún

Nígbà tí Mosúnmọ́lá, káfíńtà kan ní Ìjẹ̀bú-Igbó, lọ sin ìyá rẹ̀, olè jí tábìlì iṣẹ́ rẹ̀ gbé, ìgbà tó máa rí i, àwòrán rẹ̀ ló rí lórí fóònù, láàárín àwọn àlòkù tí Olóyè Ṣówándé ń tà: “Tábìlì ọgọ́rùn-ún ọdún, mílíọ̀nù kan náírà.” Ẹ gbọ́ ìwọ̀sí! Ó gba ìsọ̀ Olóyè lọ, ó ní tòun ni. “Mú mílíọ̀nù kan wá kó di tìẹ,” ni ọkùnrin tí ọlọ́pàá ń dọ̀bálẹ̀ kí yìí wí, ó sì kọjú sí oníbàárà tó ti Ìbàdàn wá rà á. Mosúnmọ́lá kúnlẹ̀. “Ẹ má bínú, bàbá. Ta ló kàn án?” “Bàbá tó bí bàbá mi ni. Òógùn rẹ̀ ló mú igi náà dúdú báyìí.” “Ó dáa. Káfíńtà tó bá mọṣẹ́ a máa gbẹ́ orúkọ ara rẹ̀ sábẹ́ iṣẹ́ rẹ̀. Ẹ jẹ́ ká ka ti bàbá àgbà, kí ọkàn ẹni tó fẹ́ rà á lè balẹ̀.” Olóyè ní kò sí ìdí fún ìyẹn, ṣùgbọ́n oníbàárà ti di ẹsẹ̀ tábìlì mú, òun àti Mosúnmọ́lá sì dojú rẹ̀ délẹ̀. Oníbàárà náà bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó kà á sókè kí gbogbo ìsọ̀ gbọ́: “Mosúnmọ́lá ló ṣe èyí, ọdún 2014.” Ó gbójú sókè wo Olóyè. “Ṣé Mosúnmọ́lá ni bàbá àgbà yín ń jẹ́ ni?” Òun àti Mosúnmọ́lá gbé tábìlì náà sínú ọkọ̀ rẹ̀, ó di ṣọ́ọ̀bù ẹni tó ni ín.