Efúnyẹmí àti Iná Èèpo Ekùrọ́

Efúnyẹmí ni olórí àwọn amọ̀kòkò ìlú Òkè-Amọ̀. Obìnrin méje ló ń bá a ṣiṣẹ́, igi ni wọ́n sì fi ń sun ìkòkò láti ayé àwọn ìyá wọn.

Lọ́dún kan, odò tí wọ́n ti ń wa amọ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í gbẹ. Wọ́n ti gé gbogbo igi etí rẹ̀ tán, àfi igbó kékeré kan tó kù níbi orísun omi. Efúnyẹmí ní, "Ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ gbé àáké wọ ibẹ̀. Èèpo ekùrọ́ tí àwọn elépo ń dà nù la ó máa fi sun ìkòkò."

Ọ̀rọ̀ náà rú wọn lójú. Àwẹ̀ró, tó dàgbà jù nínú wọn, béèrè pé, "Ìyá, ta ló kọ́ yín?"

"Kí ni wọ́n fẹ́ kọ́ mi? Ṣebí iná ni iná."

Wọ́n to ìkòkò, wọ́n da èèpo lé e, wọ́n ṣáná sí i. Èéfín nìkan ló ń rú. Efúnyẹmí ní kí wọ́n dà sí i, wọ́n sì tún dà á. Lójijì, iná sọ lálá, gbogbo ìkòkò fọ́. Wọ́n dín èèpo kù lẹ́ẹ̀kejì. Ìkòkò kò jinná; nígbà tí wọ́n bu omi sí i, ó yọ́. Ìyá jókòó sáàárín àpáàdì, ó ń dá sọ̀rọ̀: "Ó pọ̀, ó fọ́. Ó kéré, kò jinná. Kí wá ni?"

Àwẹ̀ró sọ wúyẹ́wúyẹ́ sí àwọn yòókù létí pé, "Ìyá ti ń ya wèrè. Ẹ jẹ́ ká lọ gé igbó náà lọ́la."

Efúnyẹmí gbọ́ ọ, ó sì dùn ún wọra. Ó dìde, ó gba ọ̀dọ̀ Ògúnbọ̀dé lọ, alágbẹ̀dẹ tó ń fi èèpo ekùrọ́ rọ irin. Àkọ́bí Efúnyẹmí ju ọkùnrin náà lọ lọ́jọ́ orí, ojú sì ń ti ìyá náà.

"Ògúnbọ̀dé, iná yìí ti rú mi lójú. Kọ́ mi."

Ọkùnrin náà dọ̀bálẹ̀ kó tó fèsì. "Ìyá, iná èèpo kì í tètè yọjú. Tó bá ń rú èéfín, ó ti ràn nísàlẹ̀ nìyẹn. Ẹ má da òmíràn lé e mọ́. Ẹ gbẹ́ kòtò sí i, ẹ kọ́kọ́ fi iná díẹ̀ yá ìkòkò lára kí ẹ tó da èèpo lé e, kí ẹ fi àpáàdì bò ó, kí ẹ sì mú sùúrù."

Nígbà tí àwọn obìnrin náà gbé àáké dé láàárọ̀, wọ́n bá ìyá nínú kòtò, ó ń gbẹ́ ẹ. "Ẹ gbé ìyẹn sílẹ̀, ẹ wá kọ́ iṣẹ́," ni ó wí. "Èmi náà ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ ọ ni."

Wọ́n ṣe gbogbo rẹ̀ bí Ògúnbọ̀dé ti wí, wọ́n sì dúró títí oòrùn fi rọ̀. Nígbà tí wọ́n ṣí i, ìkòkò pọ́n dẹ̀dẹ̀. Méjì péré ló sán nínú ogójì. Àwẹ̀ró fi ìka lu ọ̀kan, ó dún gbọnrangandan. Ó kúnlẹ̀. "Ìyá, ẹ foríjì mí. Ohun tí mo pè yín lánàá kò dára."

"Díẹ̀ ló kù kó rí bẹ́ẹ̀," ni Efúnyẹmí dá a lóhùn. "Ọgbọ́n Ògúnbọ̀dé ló kó mi yọ."

Ọ̀rọ̀ yìí làwọn àgbà fi ń pòwe títí dòní pé: ọgbọ́n ọlọ́gbọ́n ni kì í jẹ́ ká pe àgbà ní wèrè.