Ẹ̀rọ Kọfí Bàbá Ajíbóyè

Ní ìlú Òkè-Arò, níbi tí òkè ti yí ilé ká, ọkùnrin kan wà tí wọ́n ń pè ní Bàbá Ajíbóyè. Nígbà tí gbogbo ẹgbẹ́ rẹ̀ ń gbin kòkó, kọfí ni òun gbìn. Wọ́n fi í ṣe yẹ̀yẹ́ títí ó fi sú wọn, ṣùgbọ́n kì í ṣe ẹni tí ẹ̀rín ará ìlú ń lé kúrò lóko. Ó kórè é, ó sá a, ó yan án, ó gún un lódó, ó sì ń mu ún ní àràárọ̀. Nígbà tó yá, àwọn tó ń fi í ṣe yẹ̀yẹ́ bẹ̀rẹ̀ sí í yà nílé rẹ̀ kí wọ́n tó lọ sóko. Ẹni tí òun àti ìyàwó rẹ̀ bá jà, ọ̀dọ̀ Bàbá ni. Ẹni tí ọ̀rọ̀ ààlà ilẹ̀ bá ń dà láàmú, ọ̀dọ̀ Bàbá ni. Kò sì ní dá sí ọ̀rọ̀ wọn títí yóò fi fi ọwọ́ ara rẹ̀ gbé ife kọfí fún wọn. Ó ní ẹni tí ohun gbígbóná bá wà lẹ́nu rẹ̀ kò lè pariwo.

Àgbà dé, ọwọ́ Bàbá bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n. Ní àárọ̀ ọjọ́ kan, kẹ́tù omi gbígbóná yí mọ́ ọn lọ́wọ́, omi náà sì bó o nítan. Mosúnmọ́lá, àkọ́bí rẹ̀, tó ń ṣe olùkọ́ nílùú náà, ló sáré gbé e lọ sílé ìwòsàn. Kò pẹ́ tí àwọn àbúrò rẹ̀ ọkùnrin méjèèjì, Kọ́lápọ̀ àti Adéṣínà, fi ti Ìbàdàn dé. Wọ́n wo itan bàbá wọn, wọ́n wo ojú ara wọn.

"Bàbá, ẹ ó máa bá wa lọ sí Ìbàdàn," Kọ́lápọ̀ wí. "A ò ní jókòó máa wòran kí omi gbígbóná pa yín."

Bàbá kò jiyàn. Ó kàn ní, "Ẹni tí kò lè gbé ohun mímu fún àlejò nínú ilé ara rẹ̀, òun gan-an ti di àlejò. Ẹ jẹ́ kí n kúkú wá ṣe àlejò yín."

Ọ̀rọ̀ yìí wọ Mosúnmọ́lá lákínyẹmí ara. Ó mọ̀ pé bí wọ́n bá fa bàbá òun tu kúrò nínú ilé yẹn, kò ní pẹ́ tí yóò fi rọ. Ó bẹ àwọn àbúrò rẹ̀. Ó ní ẹ̀rọ kọfí wà tí ń se omi fúnra rẹ̀, tí kò ní kẹ́tù tí ẹnikẹ́ni ń gbé. Kí wọ́n jẹ́ kí àwọn ra ọ̀kan. Bí Bàbá bá lè fi ọwọ́ ara rẹ̀ lò ó, kó dúró sílé. Bí kò bá lè lò ó, òun fúnra òun ni yóò bá a di ẹrù. Wọ́n gbà bẹ́ẹ̀.

Ìkánjú kò jẹ́ kí ẹnikẹ́ni bá ẹnìkejì sọ̀rọ̀. Kọ́lápọ̀ ti rí ibi tí wọ́n ti ń ta kápúsù, ìyẹn àwọn ife tíntìntín tí wọ́n di ìyẹ̀fun kọfí sí nínú, tí ẹ̀rọ ń lu ihò sí lára kí omi gbígbóná lè gba inú rẹ̀ kọjá. Ó fi páálí kan ránṣẹ́ sílé ṣáájú ẹ̀rọ, ó sì pe Bàbá lórí fóònù.

"Bàbá, ẹ máa lo kápúsù kan láàárọ̀, kan nírọ̀lẹ́. Ẹ má jẹ́ kó ju bẹ́ẹ̀ lọ o."

Ta ni yóò gbọ́ irú èyí tí ọkàn rẹ̀ kò ní lọ sílé ìwòsàn? Nígbà tí Mosúnmọ́lá yà wò ó, ó bá Bàbá lórí àga. Ó ti bó ìdérí kápúsù kan, ó ń fi ṣíbí bu ohun tó wà nínú rẹ̀ sẹ́nu, ó ń fi omi lé e.

"Bàbá, kí lẹ̀ ń jẹ yẹn?"

"Oògùn tí Kọ́lápọ̀ fi ránṣẹ́ ni. Kan láàárọ̀, kan nírọ̀lẹ́. Ó korò, àmọ́ ẹni tó ṣe é gbọ́n. Ó po kọfí mọ́ ọn kó lè ṣeé gbé mì."

"Bàbá, kọfí ni gbogbo rẹ̀. Ẹ̀rọ ni wọ́n ń kì í bọ̀ lẹ́nu."

Bàbá wo ṣíbí ọwọ́ rẹ̀ títí. "Abájọ," ó ní, "tí n kò fi rí oorun sùn láti ọjọ́ yìí."

Mosúnmọ́lá rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀. Bàbá náà rẹ́rìn-ín, ó sì lá ṣíbí náà mọ́. Ó ní kọfí ni kọfí ń jẹ́.

Lẹ́yìn èyí ni ẹ̀rọ tí Adéṣínà rà dé. Wọ́n gbé kápúsù tó ṣẹ́ kù sí i lẹ́nu, kò wọ̀. Wọ́n yí i síhìn-ín, wọ́n yí i sọ́hùn-ún, ó ní òun ò wọlé. Nígbà náà ni wọ́n tó mọ̀ pé bí kọ́kọ́rọ́ ṣe mọ àgádágodo tirẹ̀ ni kápúsù mọ ẹ̀rọ tirẹ̀: ẹni tó bá ra ẹ̀rọ ilé-iṣẹ́ kan, kápúsù tó bá a mu ni yóò máa wá kiri. Kọ́lápọ̀ ní Adéṣínà ló ṣì í rà. Adéṣínà ní Kọ́lápọ̀ ni kò bèèrè. Nígbà tí àwọn méjèèjì sì ti bá ara wọn jà tán, ohùn wọn tún ṣọ̀kan: kí Bàbá máa bọ̀ ní Ìbàdàn.

"Kí wọ́n máa bọ̀," ni Mosúnmọ́lá wí, "ṣùgbọ́n ilé ìtajà ni ká kọ́kọ́ mú wọn lọ. Ẹ̀yin ra ẹ̀rọ fún ẹni tí kò tíì fojú kan ẹ̀rọ rí."

"Ìgbà ìkẹyìn nìyẹn o, Àǹtí mi," Kọ́lápọ̀ dáhùn.

Ilé ìtajà náà tó ohun tí à ń yìn. Ẹ̀rọ kọfí tò sórí tábìlì, wọ́n ń dán, òórùn kọfí sì gba inú ilé kan. Èyí kékeré kan wà tó ń sun kọfí dúdú kíki. Òmíràn wà tó ń ka àmì tí wọ́n tẹ̀ sí etí kápúsù, tó sì mọ iye omi tó yẹ kó fún un láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni bá a sọ ọ́. Ẹni tó bá ti yan kọfí rí, tó gún un, tó sẹ́ ẹ, ló mọ iye iṣẹ́ tó wà nínú ife kan. Kéèyàn tó kí ará ilé tán, àwọn ẹ̀rọ wọ̀nyí ti ṣe é. Ọgbọ́n ni wọ́n fi ṣe wọ́n, kò yẹ ká fi í dù wọ́n.

Ariwo sì sọ. Ọ̀dọ́mọbìnrin tó ń tajà ń polówó gbogbo wọn lẹ́ẹ̀kan náà. Kọ́lápọ̀ ní èyí tó ń ka àmì ló bá àgbàlagbà mu, nítorí bọ́tìnnì kan ṣoṣo ló ní. Adéṣínà ní kápúsù rẹ̀ ṣọ̀wọ́n, èyí kékeré ni kí wọ́n rà, ibi gbogbo ni wọ́n ti ń ta tirẹ̀. Obìnrin kan tí wọn kò mọ̀ rí dá sí i, ó ní èyí tí kò bá lè sọ wàrà di ìfófòó kì í ṣe ẹ̀rọ. Mosúnmọ́lá alára ti dúró síwájú èyí tó ń ka àmì. Ó rí i tó la ẹnu fúnra rẹ̀, ó rí i tó pa á dé, ó sì yà á lẹ́nu gidi. Ó fẹ́ sọ pé òun ni àwọn yóò rà. Ó yíjú kó bi Bàbá léèrè, kò rí i lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara rẹ̀.

Bàbá wà nídìí tábìlì. Ó ń dán àwọn ẹ̀rọ náà wò lọ́kọ̀ọ̀kan, kò bá ẹnikẹ́ni sọ̀rọ̀. Mosúnmọ́lá kò pè é. Ó ń wò ó. Ihò èyí kékeré há jù fún ọwọ́ tó ń gbọ̀n; kápúsù bọ́ mọ́ Bàbá lọ́wọ́, ó ṣà á, ó tún bọ́. Ó kọjá sí èyí tó ń ka àmì. Ìka rẹ̀ gbọ̀n lórí bọ́tìnnì náà, ó tẹ̀ ẹ́ lẹ́ẹ̀mejì, ẹ̀rọ náà tàn, ó sì kú. Lẹ́yìn náà ló dé ọ̀dọ̀ ẹ̀rọ oníkùn ńlá kan tó wà ní igun tábìlì, tí ẹnikẹ́ni kò tíì dárúkọ. Àyè kápúsù ti èyí ṣeé fà yọ bí àpótí tí wọ́n ń fà jáde lára tábìlì. Bàbá fà á yọ, ó gbé e lélẹ̀, ó fi ọrùn ọwọ́ ti tábìlì, ó sì rọra ti kápúsù sínú rẹ̀. Ó fi àtẹ́lẹwọ́ tì í padà. Ó tún fi àtẹ́lẹwọ́ kan náà ti ọ̀pá orí rẹ̀, kọfí sì bẹ̀rẹ̀ sí í dà.

Nígbà tí ó dé ìdajì ife, ó dá a dúró. Ó fi ọwọ́ méjèèjì gbé ife náà, ó ń rìn díẹ̀díẹ̀, kò mu ún. Ọkùnrin tó ń ṣọ́ ẹnu ọ̀nà ló gbé e lọ bá.

"Ẹ gbà á mu. Ẹ ti dúró pẹ́."

Ọkùnrin náà bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀. "Ẹ má bínú, Bàbá, èmi kì í ṣe oníbàárà."

"Mo mọ̀," Bàbá dáhùn. "Àlejò mi lẹ jẹ́."

Mosúnmọ́lá rí gbogbo rẹ̀. Ìfẹ́ bàbá rẹ̀ kún inú rẹ̀ débi pé ó ń dùn ún. Ó fọwọ́ kan ọ̀dọ́mọbìnrin tó ń tajà, ó ní èyí tó wà ní igun tábìlì ni kó bá àwọn dì.

"Èwo?" Adéṣínà bèèrè. "Ta ló dárúkọ ìyẹn?"

Bàbá ti padà dé. Ó ní ohun kan ló kù tí òun fẹ́ mọ̀: ṣé kọfí oko òun lè wọ inú rẹ̀? Ọ̀dọ́mọbìnrin náà gbé kápúsù òfìfo kan jáde, irin ni, ó ní ìdérí, kì í ṣe èyí tí à ń lò kí a sọ nù. Bàbá yí i wò, ó sì tì í bọ inú afẹ́fẹ́ bí ẹni tó ń fi kóńgò bu gààrí nínú abọ́. Ó ní ìyẹn kò béèrè pé kí ọwọ́ má gbọ̀n, òun lè ṣe é.

Nínú mọ́tò tó ń gbé Bàbá padà sílé, Kọ́lápọ̀ kò lè pa á mọ́ra. "Àǹtí mi, báwo lẹ ṣe mọ̀ pé òun ni?"

"N kò mọ̀. Èmi náà fẹ́rẹ̀ẹ́ bá yín lọ. Àmọ́ ẹ̀rọ lẹ̀yin ń ná. Bàbá ni mò ń ná ọjà fún ní tèmi, torí náà mo wo Bàbá."

Àwọn ìlú mìíràn lè ní òwe tó jáde nínú ọ̀rọ̀ yìí ti wà lẹ́nu àwọn kí ẹ̀rọ kọfí tó dáyé. Òkè-Arò kì í bá wọn jiyàn. Wọ́n á ní kí àwọn tó sọ bẹ́ẹ̀ jókòó, kí Bàbá Ajíbóyè gbé ife kan wá fún wọn. Ṣùgbọ́n ní tiwọn, ìdí nìyí tí àwọn àgbà ibẹ̀ fi ń pa á lówe pé, ẹni tí a bá ń ná ọjà fún là ń wò, a kì í wo ariwo ọjà.