Ọkùnrin Tó Kọ̀ Láti So Kẹ́ẹ̀gì

Ọkùnrin kan wà tó kó ìdílé rẹ̀ wá sí àdúgbò titun kan láàárín ọ̀sà àti òkun. Ilẹ̀ òkè ni wọ́n ti bí i, níbi tí odò ti ń gbẹ nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, kò sì mọ̀wẹ̀. Ìyẹn kì í ṣe ẹ̀ṣẹ̀. Ẹni tí kò bá omi dàgbà, kí ni yóò fi mọ omi?

Eré pọ̀ ní àdúgbò náà. Ẹni tó bá fẹ́ gbá bọ́ọ̀lù á lọ sétí òkun nírọ̀lẹ́. Àwọn ọlọ́pọ́n ayò wà lábẹ́ igi fúrúùtù. Àwọn kan ń gun ẹṣin lórí iyanrìn, àwọn kan ń gbá tẹ́níìsì orí tábìlì ní gbọ̀ngàn. Gbogbo èyí tó jẹ́ ti orí ilẹ̀ ni ọkùnrin yìí dán wò, ó sì mókè nínú èyí tó pọ̀ jù. Bí bọ́ọ̀lù bá ti kan ẹsẹ̀ rẹ̀, ariwo á sọ: "Ẹlẹ́sẹ̀ irin!" Àwẹ̀ró, ọmọ rẹ̀ obìnrin, a máa bá a gbé bàtà lẹ́yìn. Lójú ọmọ náà, kò sí ohun tí bàbá òun kò lè ṣe.

Ẹyọ kan ló ń sá fún: omi wíwẹ̀.

Ní àárọ̀ Sátidé, obìnrin kan máa ń kọ́ àwọn ènìyàn ní omi wíwẹ̀ níbi tí ọ̀sà kò ti jìn. Àṣà ibẹ̀ ni pé ẹni tó bá ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ ọ, ìbáà jẹ́ ọmọdé, ìbáà jẹ́ arúgbó, kẹ́ẹ̀gì òfìfo ni wọ́n ó so mọ́ ọn lẹ́yìn kó má bàa rì. Kò sí ìlà àgbà, kò sí ìlà ọmọdé. Ìyá oníbúrẹ́dì tó ń gbé nítòsí ilé ọkùnrin náà wà lára wọn. Opó ni, ó sanra dáadáa. Ọjọ́ tó kọ́kọ́ wọ omi, àwọn aláyò pariwo láti abẹ́ igi pé, "Ìyá oníbúrẹ́dì, búrẹ́dì yín ti rin o!"

"Ẹ jẹ́ kó rin," ni ìyá náà dáhùn, omi ń jáde ní imú rẹ̀. "Ṣé ẹ̀yin lẹ máa jẹ ẹ́ ni?"

Ọkùnrin náà, tó wà láàárín àwọn aláyò, rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀. Obìnrin tó ń kọ́ wọn yíjú sí i. "Bàbá Àwẹ̀ró, ẹ̀yin náà ẹ wá. Kẹ́ẹ̀gì tiyín wà ńlẹ̀."

"Èmi? Kí n gbé kẹ́ẹ̀gì pọ̀n sáàárín àwọn ọmọ kéékèèké? Ẹ dákun, ẹ má fi mí ṣẹ̀sín."

Àwẹ̀ró fà á lọ́wọ́. "Bàbá mi, ẹ jẹ́ kí èmi lọ nígbà náà."

Ó ní rárá. Kò sọ ìdí rẹ̀ fún ọmọ náà, ṣùgbọ́n ó mọ̀ ọ́n nínú ara rẹ̀: bí ọmọ bá wọ omi, wọn yóò béèrè pé bàbá rẹ̀ ńkọ́.

Báyìí ni ó rí títí òjò fi dé tó sì tún lọ. Ní ọjọ́ ọdún, àdúgbò kóra jọ sí èbúté láti wọkọ̀ sọdá ọ̀sà. Pákó èbúté ń yọ̀. Àwẹ̀ró ń sáré, ẹsẹ̀ rẹ̀ yọ̀, ó sì já bọ́ sínú ọ̀sà níbi tó jìn. Ó yọrí lẹ́ẹ̀kan, ó ké pé, "Bàbá mi!" Kò pe ẹlòmíràn.

Ọkùnrin náà sún mọ́ ọn tó bẹ́ẹ̀ tí omi ta sí i lára. Agbára wà lápá rẹ̀, ó wà lẹ́sẹ̀ rẹ̀. Ó na ọwọ́, ọwọ́ kò tó o. Ó fẹ́ bẹ́, kò bẹ́. Ó dúró. Ọmọ náà sì rí i pé ó dúró.

Ìyá oníbúrẹ́dì ló bẹ́ sómi tòun taṣọ. Kò fi bẹ́ẹ̀ mọ̀ ọ́n wẹ̀. Ó ń lu omi bí ẹni ń po ìyẹ̀fun. Ṣùgbọ́n ó débẹ̀. Ó gbá ọmọ náà mú lápá, ó wọ́ ọ dé ìdí òpó èbúté, àwọn ènìyàn sì fà wọ́n gòkè. Àwẹ̀ró bi omi, ó sunkún, ó yè.

Lẹ́yìn èyí, ọkùnrin náà lọ kọ́ omi wíwẹ̀. Ó gbé kẹ́ẹ̀gì pọ̀n sáàárín àwọn ọmọdé, ẹnikẹ́ni kò sì fi í ṣẹ̀sín, nítorí gbogbo wọn mọ ìdí. Lónìí ó mọ omi wẹ̀ ju ìyá oníbúrẹ́dì lọ. Síbẹ̀, nígbà tí wọ́n bá ń wọkọ̀, Àwẹ̀ró á gba ẹ̀gbẹ́ bàbá rẹ̀ kọjá, á lọ jókòó ti ìyá náà, á sì di aṣọ rẹ̀ mú. Kò bínú sí bàbá rẹ̀. Ó kàn mọ ẹni tó bẹ́ ni.

Ìwọ tí mò ń sọ èyí fún, o ti dàgbà, o sì mọ ohun púpọ̀ ṣe. Wọ́n ń pàtẹ́wọ́ fún ọ níbi tó o ti mókè, ìyẹn dára. Ṣùgbọ́n omi kan wà lẹ́bàá ilé tìrẹ náà. Ó lè jẹ́ pé o kò mọ bí a ti ń bẹ ìyàwó ẹni. Ó lè jẹ́ ìwé tí o kò lè kà, tí o máa ń sọ pé ojú ń dùn ọ́. O mọ èyí tó jẹ́ tìrẹ, nítorí òun ni o máa ń fi ẹ̀rín bò mọ́lẹ̀. Jẹ́ kí wọ́n rẹ́rìn-ín. Lọ kọ́ ọ báyìí, nígbà tí ẹni tó fẹ́ràn rẹ ṣì lè jókòó tì ọ́.