Bí Ajéìgbé Ṣe Lọ Ra Awọ Tuntun Nílùú Òkèèrè

Àlọ́ o.

Àlọ̀.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ wà lẹ́yìn, ṣé ẹ̀pà ló dí yín lẹ́nu ni? Mo ní àlọ́ o.

Àlọ̀.

Àlọ́ mi dìde, ó ru apẹ̀rẹ̀, ó sọdá odò mẹ́ta, kò sinmi, ó di orí Ajéìgbé oníṣòwò, ó di orí ìyá rẹ̀, ó di orí Ejò.

Ajéìgbé ń gbé nílùú kan tí mi ò ní dárúkọ. Àwọn ará ibẹ̀ wà láàárín yín níbí, wọ́n á ní mo ń bú àwọn. Irú ló ń tà. Ìyá rẹ̀ ló ń se é. Bí ìyá náà bá ṣí ìkòkò irú lórí, ẹni tó wà lóko á mọ̀ pé ọbẹ̀ ti dé.

Ajéìgbé mọ ọjà í ná. Ó lè ná adìyẹ títí adìyẹ á fi ní kó máa gbé òun lọ lọ́fẹ̀ẹ́. Bàbá Sùúrù, ẹ má wojú mi. Mi ò pe orúkọ yín.

Láyé ọjọ́un, Ejò kì í bọ́ awọ. Bí èèyàn ṣe ń darúgbó ni Ejò náà ń darúgbó. Àwọn méjèèjì ń kú.

Lọ́jọ́ kan, ìyá Ajéìgbé gbé ìkòkò irú, ọwọ́ rẹ̀ gbọ̀n, ìkòkò bọ́, ó fọ́.

Ajéìgbé ní, "Màámi, kí ló ṣe yín?"

Ìyá ní, "Kò sóhun tó ṣe mí. Ọjọ́ ti lọ ni."

Ajéìgbé ò lè jẹun. Ó ti gbọ́ pé nílùú òkèèrè kan, lẹ́yìn odò mẹ́ta, wọ́n ń ta awọ tuntun. Bí ẹni tó rà á bá darúgbó, á bọ́ awọ àtijọ́ sílẹ̀, á jáde lọ́mọge. Ẹni tó bá sì kọ́kọ́ rà á nínú ìran kan, gbogbo ìran rẹ̀ ló rà á fún.

Ó ní, "Màámi, mo ń lọ ra awọ wá fún yín."

"Kí lo fẹ́ fi rà á?"

"Irú yín ni."

Ìyá rẹ́rìn-ín. Ó di irú apẹ̀rẹ̀ mẹ́ta fún un. Ó ní, "Tètè dé o. Mi ò ní ọjọ́ púpọ̀ tí mo fi ń dúró deni."

Ajéìgbé lọ. Lójú ọ̀nà, ó bá Ejò tó ń wọ́ agbọ̀n ẹyin àparò.

"Ejò, níbo lò ń lọ?"

"Mò ń lọ ra awọ."

"Èmi náà ń lọ ra awọ."

Wọ́n jọ ń lọ. Wọ́n sọdá odò kìíní. Wọ́n sọdá odò kejì. Wọ́n sọdá odò kẹta. Wọ́n dé ẹnubodè.

Oníbodè ní, "Kí ló wà nínú ẹrù yìí?"

Ajéìgbé ní, "Irú ni."

Oníbodè ṣí i. Ó tì í padà kíákíá. Ó di imú mú. "Ta ló kú síbẹ̀?"

"Ẹnì kankan ò kú. Nǹkan ọbẹ̀ ni."

"Ọbẹ̀ ta ni?"

Ó pe oníbodè kejì wá gbóòórùn rẹ̀. Oníbodè kejì pe ẹ̀kẹta. Ọjọ́ mẹ́ta gbáko ni wọ́n fi da Ajéìgbé dúró. Òwò ìdálẹ̀ nìyẹn, ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń sọ pé ẹ fẹ́ rìnrìn àjò. Nǹkan tí wọ́n fi ń yìn ọ́ nílé yín lè mú kí wọ́n máa di imú nílé onílé.

Nígbà tó wọ ọjà, wọ́n ní kó lọ pàtẹ lẹ́bàá ààtàn. Ẹnikẹ́ni ò ra nǹkan kan. Ajéìgbé wò ó. Ó yá ìkòkò. Ó gbé ilá kaná. Ó da irú sí i. Òórùn ọbẹ̀ gba ọjà kan. Àwọn tó di imú tú imú sílẹ̀. Ìyá Aláwọ, ẹni tó ń ta awọ tuntun, ìyá arúgbó tójú rẹ̀ dà bí ojú ọmọ ogún ọdún, dìde wá. Ó tọ́ ọ wò. Ó lá ọwọ́ dé ìgúnpá.

Ó ní, "Àjèjì, mo fẹ́ nǹkan yìí. Kí lo fẹ́ rà?"

"Awọ tuntun ni, Ìyá, ti ìran èèyàn. Màámi ń dúró dè mí nílé."

Ìyá Aláwọ tú awọ kan sílẹ̀. Ó pé pérépéré, látorí dé ọmọ ìka ẹsẹ̀.

Ó ní, "Apẹ̀rẹ̀ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ni màá gbà. Àmọ́ gbọ́ òfin wa o. A kì í ná ọjà níbí. Ẹni tó bá ná an, màá gé lára awọ, iye tí mo pè ò sì ní yẹ̀."

Ejò tó dúró tì í ní òun gbọ́. Ìyá Aláwọ ní agbọ̀n ẹyin kan ni ti ìran ejò. Ejò gbé agbọ̀n ẹyin sílẹ̀, ó gba awọ, ó wọ̀ ọ́, ó parí.

Ajéìgbé wo Ejò bí ìgbà tí wọ́n bá rí ẹni tó ń wẹ̀ láàárín ọjà.

"Ejò, o ò ná an?"

"Wọ́n ní a kì í ná an."

"O rajà, o ò ná an. Kí lo máa sọ nílé?"

"Màá sọ pé mo ra awọ."

Ajéìgbé mi orí. Ẹnu ń yún un. Ẹ bá mi gbe orin rẹ̀. Ẹ máa wí pé *jẹ̀lẹ́ńkẹ́*. Ẹni tí ò bá gbè é, òun ló máa sanwó irú.

Ìyá Aláwọ o, — *jẹ̀lẹ́ńkẹ́*
Ẹ bá mi dín in, — *jẹ̀lẹ́ńkẹ́*
Ẹ gba apẹ̀rẹ̀ kan, — *jẹ̀lẹ́ńkẹ́*
Kí n tètè relé, — *jẹ̀lẹ́ńkẹ́.*

Ìyá Aláwọ nawọ́ sídìí àtẹ rẹ̀. Ó mú ọ̀bẹ, ó gé awọ àyà àti ti ẹ̀yìn kúrò.

Ejò ní, "Ajéìgbé, san án. Ìyá ẹ ń dúró."

"Dákẹ́, o ò mọ ọjà. Wọ́n á kọ́kọ́ fárígá ná."

Ó ru apẹ̀rẹ̀ rẹ̀, ó ní ó dàbọ̀. Ó ń lọ díẹ̀díẹ̀. Ó ń dẹtí kí wọ́n pe òun padà. Ẹ̀yin náà máa ń ṣe é, ẹ má purọ́. Ó dé ìdí igi, wọn ò pè é. Ó dé ibi àwọn aláta, wọn ò pè é. Ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó ṣe bí ẹni tí ẹ̀gún gún. Wọn ò pè é. Ó fẹsẹ̀ ara rẹ̀ rìn padà. Ìyá Aláwọ ti gé ti apá àti ti ẹsẹ̀ kúrò.

Òógùn bo Ejò nítorí rẹ̀. Ejò tí kì í làágùn. "Ajéìgbé, mo bẹ̀ ọ́."

Ajéìgbé kúnlẹ̀. "Ìyá mi, oníbàárà yín ni mí. Màá tún padà wá. Ẹ jẹ́ ká pè é ní apẹ̀rẹ̀ méjì àbọ̀."

Ìyá Aláwọ gé ti ojú kúrò.

Kí ló kù? Irun orí àti èékánná ló kù. Ojú Ajéìgbé wá là. Ó rántí ọwọ́ ìyá rẹ̀ tó ń gbọ̀n. Ó gbé apẹ̀rẹ̀ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta sílẹ̀, kò ná an mọ́. Ó gba ìwọ̀nba tó kù. Ó fẹ́ máa lọ. Ó tún yíjú padà.

"Ìyá, ẹ fún mi ní èènì."

"Kí ni wọ́n ń pè bẹ́ẹ̀?"

"Lọ́dọ̀ wa, bí èèyàn bá rajà tán, wọ́n á fi díẹ̀ kún un fún un. Inú ẹni tó tà á á dùn, inú ẹni tó rà á á dùn."

"Lẹ́yìn gbogbo ohun tójú rẹ rí yìí?"

"Lẹ́yìn ẹ̀ náà ni, Ìyá."

Ìyá Aláwọ rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀. Ó ti ọwọ́ bọ àpò. Ó ní, "Eyín tuntun rèé. Ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ló ń pààrọ̀. Máa lọ kí n tó fún ẹ ní gbogbo ọjà mi."

Ajéìgbé délé. Ó dọ̀bálẹ̀, kò lè gbé orí sókè.

Ìyá ní, "Mélòó ni wọ́n pè é?"

"Apẹ̀rẹ̀ mẹ́ta."

"O ná an?"

"Mo ná an, Màámi. Wọ́n ní kí n má ná an."

"O ṣe bí ẹni tó ń lọ?"

"Mo ṣe bẹ́ẹ̀."

"Wọn ò pè ẹ́ padà?"

"Wọn ò pè mí."

Ìyá pàtẹ́wọ́. "Ìlú wo nìyẹn, téèyàn á máa lọ, tẹ́nìkan ò ní pè é padà? Wọ́n ń gbé ibẹ̀ títí láé? Kí ni wọ́n wá ń bára wọn sọ?" Ẹ̀rín mú un, ó di ìhà mú. "Dìde. Ṣé o gba èènì?"

"Mo gbà á. Eyín ni. Ẹ fi sẹ́nu, Màámi, kẹ́ ẹ tún máa jẹ àgbàdo sísun."

Ìyá fahọ́n kan èrìgì. Ó wo àwọn ọmọ-ọmọ rẹ̀ tó ń jà sí àgbàdo lágbàlá.

Ó ní, "Èmi ti jẹ tèmi, ó sì dùn. Kó o fún wọn."

Ọdún mẹ́ta ló tún lò. Ó fárí, irun hù. Ó gé èékánná, èékánná hù. Lọ́jọ́ kan ó sùn, kò jí. Ìlú jó níbi ìsìnkú ẹ̀, wọ́n se ọbẹ̀ irú ẹ̀, ẹnikẹ́ni ò di imú.

Ìdí nìyẹn tí irun àti èékánná wa fi ń hù padà, tí awọ ojú wa ń hunjọ, tá a sì ń lọ bó bá tó àsìkò. Ìdí nìyẹn tí eyín ọmọdé fi ń yọ lẹ́ẹ̀kan tó tún ń hù, tí ti àgbà bá yọ, ó di gbére. Ejò tí ò ná an ló ń bọ́ awọ látorí dé ìrù. Bó bá rí wa, ó ń sá wọgbó, kí ẹnì kan má lọ bi í pé èló ló máa gbà níkẹyìn.

Ibi tí àlọ́ mi sọ ẹrù kalẹ̀ sí rèé. Ó ru irú lọ, ó kó eyín bọ̀. Bẹ́ ẹ bá ní irọ́ ni, ẹ lọ fárí yín. Bí irun ò bá hù mọ́, ẹ wá mú mi.